Èmi Ni Mo Tẹ "Mo Gbà" Sórí Fóònù Ìyá Múíbà

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán ná. Ọ̀rọ̀ kan wà láyà mi bí eegun ẹja tó há sí ọ̀nà ọ̀fun. Mo ti fi ẹ̀bà tì í, mo ti fi omi tì í, kò lọ.

Arúgbó ni mí. Ajégúnlẹ̀ ni mò ń gbé. Ìwé mẹ́rin péré ni mo kà kí bàbá mi tó ní ọwọ́ mi wúlò fún òun ju orí mi lọ. Iṣẹ́ omi ni mo ṣe dàgbà, ní Kirikiri, níbi tí àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ ti ń já ẹrù, títí eegun mi fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Bí ẹ bá bi àwọn ará àdúgbò mi, wọ́n á ní irọ́ pọ̀ lẹ́nu mi. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n irọ́ apanilẹ́rìn-ín ni. Èyí tí mo fẹ́ sọ lónìí kì í ṣe irọ́, ẹ jọ̀ọ́. Kò tilẹ̀ pa èmi gan-an lẹ́rìn-ín.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Múíbà, ọmọ obìnrin tó ń gbé lẹ́yìn ilé mi, ń bọ̀ láti Kánádà lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun àti ọmọ tuntun tó bí. Ìyá rẹ̀ ní èmi ni kí n kọ́kọ́ gba ọmọ náà lọ́wọ́ rẹ̀ bó bá ti sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Wọ́n ní mo ṣe wọ́n lóore tí ọmọ ìyá kì í ṣe fún ọmọ ìyá. Ẹ wá gbọ́ irú oore tí mo ṣe.

Lẹ́yìn tí ìyàwó mi kú, ilé mi dákẹ́ jù. Mo máa ń gbé àga síta, kí n jókòó. Ìtàn kún ẹnu mi, kò sí ẹni tó máa gbọ́ ọ. Àwọn tó ń kọjá á ní, "Bàbá, ẹ kú ìjókòó o," wọ́n á sì kọjá. Kálukú ń wo fóònù.

Mo bá rò ó pé bó bá jẹ́ fóònù ni wọ́n ń wò, èmi náà á wọ inú fóònù lọ bá wọn. Mo kọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣe àpdéètì. Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Fóònù á ṣàdédé sọ pé nǹkan tí ò ń lò ti gbó, kí o gba tuntun, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ òun ò ní ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn àgbà. Dátà sì wọ́n. Ọmọ mi tó wà ní Ìbàdàn ló ń bá mi kó àwọn àpdéètì náà sórí káàdì kékeré tó ń wọ inú fóònù, èmi á wá fi káàdì ṣe é fún wọn lọ́fẹ̀ẹ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí ní Bàbá Àpdéètì. Orúkọ náà dùn mọ́ mi ju orúkọ ìsàmì mi lọ.

Wàhálà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Ó ń yá jù. Bí ẹnì kan bá jókòó, màá bẹ̀rẹ̀ ìtàn ọjọ́ tí àbùùbùtán, ẹja tó tóbi ju ilé lọ, tẹ̀lé ọkọ̀ wa láti ẹnu òkun dé Kirikiri, tó ní kí á gba òun síṣẹ́. Kí n tó dé ibi tí ẹja náà ti béèrè ohun tí wọ́n máa san fún òun, fóònù á ti ṣe tán. Ẹni náà á dìde. "Ẹ ṣé o, Bàbá." Ẹja mi á kú sójú ọ̀nà.

Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan tó de táì wá bá mi láti ọ́fíìsì kan lápá Liverpool Road. N kò ní dárúkọ ọ́fíìsì náà. Wọ́n ti kó lọ, táyà ni wọ́n ń tà níbẹ̀ báyìí. Ó ní òun ti gbọ́ òkìkí mi. Ó fún mi ní káàdì tuntun.

"Gbogbo àpdéètì tẹ́ ẹ bá ń fẹ́ wà nínú rẹ̀, Bàbá. Àwọn nǹkan kékeré kan á kàn bá a wọlé ni."

"Irú nǹkan kékeré wo?"

"Wọ́n ń polówó díẹ̀. Wọ́n ń báàyàn ṣọ́ fóònù díẹ̀. Kì í pààyàn."

"Àwọn tó ni fóònù ńkọ́?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Fóònù fúnra ẹ̀ á bi wọ́n. Ẹ ṣáà bá wọn tẹ 'Mo gbà.'"

Òyìnbó ni wọ́n fi kọ "Mo gbà" náà, ṣùgbọ́n mo tètè mọ ibi tó ń gbé. Àwọ̀ búlúù ni, ó sanra, ó wà nísàlẹ̀ lápá ọ̀tún. Èyí tó túmọ̀ sí "Rárá" wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó tín-ín-rín bí ẹni tí ebi ń pa.

Ọmọkùnrin náà fi agboòrùn ńlá kan àti àwọn àga oníke ta mí lọ́rẹ. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe agboòrùn ló tàn mí. Ohun tó tàn mí ni pé àpdéètì inú káàdì tuntun yẹn ń falẹ̀. Ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀, ó ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tó bá jókòó lábẹ́ agboòrùn mi á gbọ́ ti àbùùbùtán tán. Á gbọ́ ti ọjọ́ tí ìdákọ̀ró wa gbé okùn aṣọ kan wá láti ìsàlẹ̀ òkun, tí gbogbo aṣọ tí wọ́n sá sórí rẹ̀ ti gbẹ. Á tún béèrè pé kí la wá ṣe sí àwọn aṣọ náà. Màá ní a dá wọn padà kíákíá, nítorí ẹni tó ni wọ́n ti yọ orí sókè, ó ń wò wá.

Ara mi yá. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu mi. Mo sì mọ̀ pé mò ń ki ohun tí wọn ò béèrè bọ fóònù wọn. Mo mọ̀. N kò ní fi ìyẹn purọ́.

Ohun tí mo fi ń tu ara mi nínú ni pé kò sẹ́ni tó bi mí. Wọ́n á kàn na fóònù sí mi, wọ́n á ní, "Bàbá, ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́." Ní ọ̀dọ̀ wa, yálà ní ṣọ́ọ̀ṣì tèmi tàbí ní mọ́sálásí tiwọn, bí àgbà bá ń ṣàdúrà, a kì í dá a dúró láti béèrè pé kí ló kàn. Àmín là ń ṣe. Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ṣe mú "Mo gbà." Fóònù ló ń gbàdúrà, ìka mi ló ń bá gbogbo àdúgbò ṣe àmín. Bẹ́ẹ̀, n kò mọ àdúrà ta ni.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni Ìyá Múíbà wá. Ọmọ onílẹ̀ ni ní àdúgbò wa, ilé bàbá rẹ̀ ló wà lẹ́yìn ilé mi. Opó ni. Ẹ̀gbọ́n ló máa ń pe ìyàwó mi nígbà ayé rẹ̀, nítorí náà àbúrò ni èmi náà mú un. Múíbà nìkan lọmọ tó bí, Múíbà sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ bá ọkọ rẹ̀ ní Kánádà ni.

Ó ní áàpù tó ń pe ìrun fún òun ló ń sọ pé òun ti gbó. Ó gbé fóònù náà dání bí ẹni gbé ẹyin.

"Bàbá, èyí tó ń pe ìrun nìkan o. Mi ò fẹ́ nǹkan mìíràn nínú fóònù mi. Ọmọ mi lè pè nígbàkigbà."

"Ó ti yé mi," ni mo wí.

Ó yé mi lóòótọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ibi tó ń dùn mí jù nìyí. Àwọn yòókù kò sọ pé àwọn kò fẹ́. Òun sọ ọ́. Ó sọ ọ́ ketekete, ó sì fà á lé mi lọ́wọ́, ó sì jókòó.

Mo ti káàdì bọ̀ ọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn. Kí n tó dé ibi tí àbùùbùtán ti ní kí ọ̀gá wa fún òun láàyè ìsinmi ọdún, Ìyá Múíbà ti ń fi etí ìborùn rẹ̀ nu omi ẹ̀rín. Fóònù ń bi mí ní ìbéèrè, mò ń tẹ búlúù. Ó bi mí, mo tẹ búlúù. Ọ̀kan wà nínú wọn tí wọ́n ya àwòrán fóònù sí, tí wọ́n fi ìlà pupa dábùú rẹ̀. Mo rí i. Ó yẹ kí n dúró kà á. Ṣùgbọ́n Ìyá Múíbà ní, "Bàbá, kí lọ̀gá wá sọ fún ẹja?" Mo tẹ búlúù, mo dá a lóhùn.

Lẹ́yìn ìyẹn, Múíbà kò pe ìyá rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ gun ọ̀sẹ̀, oṣù gun oṣù. Òjò rọ̀ títí, ó dá. Ọyẹ́ dé. Fóònù ń pe ìrun fún Ìyá Múíbà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kò pe ọmọ fún un. Ó ń wá jókòó lábẹ́ agboòrùn mi, ó gbé fóònù lé ẹsẹ̀. Mo pa irọ́ àbùùbùtán, kò rẹ́rìn-ín. Mo fi kún un pé ẹja náà wọ fìlà. Kò rẹ́rìn-ín.

Mo ní kó pe ọmọ náà fúnra rẹ̀. Ó ní òun kò ní nọ́ńbà tó ń lò lọ́hùn-ún. Mo ní kó béèrè lọ́wọ́ àwọn ẹbí. Ìgbà yẹn ló tó sọ ohun tó wà nídìí ọ̀rọ̀.

"Bàbá, ẹnu mi ló pa mí. Mi ò fẹ́ kó lọ. Lọ́jọ́ tó ń lọ, inú bí mi, mo ní, 'Bí o bá ti wọ bàálù yẹn, má wulẹ̀ pè mí mọ́.' Ọmọ tí mi ò lè rán lọ ra iyọ̀ kó má jiyàn! Èyí tí mi ò fẹ́ kó gbọ́ ló wá gbọ́ràn sí." Ó ṣe bí ẹni fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò jáde. "Ojú wo ni kí n fi béèrè nọ́ńbà ẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí? Kí n ní mo lé ọmọ mi?"

Mo ní kó mú sùúrù. Mo ní ọmọ kò ní í gbàgbé ìyá. Mo fi ọ̀rọ̀ Ọlọ́run tù ú nínú, èmi yìí, pẹ̀lú ìka tí mo fi tẹ búlúù. Ẹ jọ̀ọ́, nígbà yẹn n kò tíì mọ̀. Mo fi Ọlọ́run búra.

Mama Éfẹ̀ ló là mí lójú. Obìnrin tó ń yan ẹja lẹ́bàá títì ni, kì í ṣe ọmọ Yorùbá, ṣùgbọ́n Ajégúnlẹ̀ ti gbà á ṣe tirẹ̀. Ó na abẹ̀bẹ̀ iná rẹ̀ sí mi láti òkèèrè bó ṣe ń bọ̀.

"Papa! Wetin you put for my phone?"

"Wetin happen, my daughter?"

"My brother dey call me from Germany tire! That your thing dey cut am. E say na strange number!"

Ó ní àbúrò òun kan ní Ìjọ́ra Bàdíà ló bá òun tú fóònù wò. Nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tó ń dá gbogbo ìpè tó bá ti òkè òkun wá padà, kò ní jẹ́ kó tilẹ̀ dún. Àbúrò náà yọ ọ́ kúrò, ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Germany pè lójú ẹsẹ̀.

"Abeg, no vex," ni mo wí.

"No be vex, Papa." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, ó ń wo ojú mi. "You ask me?"

Ó padà sídìí ẹja rẹ̀. Mo wo ilé tó wà lẹ́yìn ilé mi, mo sì rántí àwòrán tí ìlà pupa dábùú.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, mo lọ bá Ìyá Múíbà. Mo ní, "Gbé fóònù yẹn wá, bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dà á láàmú." Ó gbé e fún mi láìbéèrè ohunkóhun. Ó tún gbé e fún mi! Mo wá nǹkan náà kàn, mo yọ ọ́, mo yọ gbogbo ìyekan rẹ̀. Mo dá fóònù náà padà fún un, n kò sọ ohun tí mo rí.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ kí i, mo bá a tó ń ṣe àlùwàlá fún ìrun. Fóònù dún lórí àga. Ó ní, "Bàbá, ẹ bá mi gbé e, omi wà lọ́wọ́ mi." Mo gbé e, mo tì í mọ́ etí rẹ̀. Mo gbọ́ ohùn náà láti ibi tí mo dúró sí.

"Mọ́mì? Mọ́mì, ẹ gbé e?"

"Èmi ni," ni ìyá rẹ̀ wí. "Èmi ìyá ẹ tí ẹnu ẹ̀ ò dáa."

"Mọ́mì, mo ń pè yín, ẹ̀ ń gé e. Mo ń pè yín, ẹ̀ ń gé e. Mo ní ẹ ò tíì dárí jì mí ni."

"Èmi kẹ̀? Kí n gé ìpè ẹ?"

"Kò burú, Mọ́mì. Ó ti tán. Ẹ ṣáà ti gbé e. Mo ti lóyún, Mọ́mì. Oyún náà ti wọ oṣù kẹjọ."

Ẹ̀yin ará, Ìyá Múíbà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi àlùwàlá. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló lóyún, gbogbo àárọ̀ tí inú ń rìn ín, gbogbo alẹ́ tí ẹsẹ̀ ń wú u, kò gbọ́. Nítorí ìtàn ẹja.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti sọ ọ́. Ẹnu mi là. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n sọ̀rọ̀ tán, Ìyá Múíbà gbójú sókè wò mí, ó ní, "Bàbá, kí lẹ ṣe sí fóònù yìí?" Ẹnu mi sáré ju ọkàn mi lọ. Mo ní mo gbé e lọ sí Kirikiri. Mo ní mo so ó mọ́ fìlà, mo gun kíréènì tó ga jù lọ níbẹ̀ dé orí, mo na ọwọ́ sínú ìkúùkuu, mo fa nẹ́tíwọ́ọ̀kì Kánádà wálẹ̀ bí ẹni fa okùn ewúrẹ́.

Ó kúnlẹ̀ fún mi. Ó mọ̀ pé irọ́ ni ti kíréènì, kì í ṣe òmùgọ̀. Ohun tó gbà gbọ́ ni pé mo ṣe nǹkan kan nítorí ìfẹ́. Ó kúnlẹ̀ fún mi, mo sì jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń gbé mọ́ínmọ́ín wá fún mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Mo ń jẹ ẹ́. Ó dùn gan-an. Ìyẹn ni wàhálà rẹ̀.

Mo ti sọ káàdì yẹn sómi. Mo ti lọ láti ojúlé dé ojúlé, mo ń fọgbọ́n gba fóònù wọn, mo sì ń yọ ohun tí mo fi síbẹ̀. Ìyẹn kò yọ ti ọkàn mi. Ẹ gbọ́ ohun tó ń jẹ mí: Ìyá Múíbà ṣì gbà pé ẹnu òun ló lé ọmọ òun jìnnà. Bó bá rí ọmọbìnrin tó ń jà, á ní, "Ẹ ṣọ́ ẹnu yín o, ẹ wo tèmi." Múíbà náà ṣì gbà pé ìyá òun ló ń gé ìpè òun. Wọ́n ti dárí ji ara wọn lórí ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹnì kankan nínú wọn kò dá. Èmi tí mo dá a, èmi ni wọ́n ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Múíbà ń pè mí lórí fóònù pé, "Bàbá, bí kì í bá ṣe yín ni!" Òótọ́ ló ń sọ, kò mọ̀ ni.

Kí ló dé tí mi ò tíì sọ? Ẹ̀rù ni. Kì í ṣe ẹ̀rù pé yóò bú mi. Ẹ̀rù pé yóò dìde lórí àga mi ni, tí kò ní padà wá. Lẹ́yìn ìyàwó mi, kò sí ẹni tó ń rẹ́rìn-ín bíi tirẹ̀.

Níjẹta, ó tún gbé fóònù wá. Ó ní áàpù ìrun tún ti gbó. "Ẹ bá mi tẹ̀ ẹ́, Bàbá." Mo ní kó fi í sílẹ̀. Mo wá gbìmọ̀ ọgbọ́n kan. Mo ní n ó pè é jókòó, n ó ka gbogbo ohun tí fóònù kọ síbẹ̀ fún un, gígùn rẹ̀ tó ti ọjà Bóńdà. Nígbà tí oorun bá ti fẹ́ gbé e, n ó fi ẹ̀ṣẹ̀ mi sí àárín, wéré, bí ẹni pé fóònù ló kọ ọ́. N ó wá ní, "Ìyá Múíbà, ṣé o gbà?" Á ní òun gbà. Ó tán.

Inú mi dùn sí ọgbọ́n yẹn títí di àárọ̀ òní. Mo ń fọ ẹnu lọ́wọ́ ni ohùn Mama Éfẹ̀ dún sí mi létí: "You ask me?" Mo rí i pé ohun kan náà ni mo tún fẹ́ ṣe. Mo tún fẹ́ di ohun tí kò béèrè mọ́ ohun tó béèrè, kó gbà á láìmọ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́ kí ọmọ tuntun dé ná, kí ayọ̀ wọn má bàjẹ́? Tàbí kí n sọ ọ́ kí wọ́n tó gbé ọmọ sí ọwọ́ mi? Ọkàn mi ń sọ pé kò yẹ kí n fi ọwọ́ yìí gba ọmọ tí n kò jẹ́ kí ìyá-ìyá rẹ̀ gbọ́ ìròyìn oyún rẹ̀. Bí ẹ bá ní ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ju èyí tí mo ní lọ, ẹ yá mi.

Fóònù Ìyá Múíbà wà lórí orúnkún mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ó ń bi mí bóyá mo gbà. Búlúù ń tàn yanran. N kò tẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe èmi ni wọ́n ń bi.

Mo gbọ́ bàtà rẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń bọ̀ wá gba fóònù rẹ̀. Mo ti nu àga kan fún un. Lónìí n kò ní mẹ́nu ba ẹja. Mo ń bẹ Ọlọ́run pé kí Ìyá Múíbà gbọ́ mi tán kó tó dìde, àti pé bó bá dìde, kó tún padà wá jókòó lọ́jọ́ mìíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe àmín sí i. Ẹ̀yin ti gbọ́ gbogbo rẹ̀ kí ẹ tó ṣe é.